Irin Méjì Lẹ́nu Ìyá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ ra àgbàdo lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní Ayétòrò gbọ́dọ̀ ní eyín. N kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni ìyá mi ti ń ra àgbàdo lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó ń tà á fún àwọn tó ń fi ṣe oúnjẹ adìyẹ, kì í sì í fojú lásán ra ọjà. Á ti ọwọ́ bọ inú àpò títí dé ìgúnpá, á mú hóró kan láti ìsàlẹ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ máa ń fi èyí tó tutù pamọ́ sí, á jù ú sẹ́nu, á fi eyín fọ́ ọ. Bó bá dún kọ́, tó là sí méjì, ó gbẹ nìyẹn. Bó bá rọ̀, tó lẹ̀ mọ́ eyín, á tu ú sílẹ̀, á sì ní kí ẹni tó ni ín máa gbé e padà lọ sá sóòrùn. Gbogbo ọjà ló mọ̀ pé ohun tí eyín ìyá mi bá ti sọ, abẹ gé e.

Iṣẹ́ yẹn náà ló jẹ eyín ọ̀hún tán. Mo máa ń sọ ọ́ láti fi dẹ́rìn-ín pa á nígbà kan rí, pé òun kọ́ ló ń jẹ àgbàdo, àgbàdo ló ń jẹ òun. Ọ̀kan là sí méjì, ó ń fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ ẹnu títí tí ìdí rẹ̀ fi jẹrà. Òmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó so òwú mọ́ ọn, ó fà á yọ fúnra rẹ̀, ó sì padà sídìí àpò àgbàdo lọ́jọ́ náà. Èmi ni ọmọ rẹ̀ àkọ́bí, aránṣọ ni mí ní Ìlaròó. Bí mo bá lọ kí i, n kì í mọ̀ pé òmíràn ti lọ àfi bó bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní eyín funfun lẹ̀ṣọ́ ẹ̀rín. Nígbà tí eyín ìsàlẹ̀ tán pátápátá, tó ku díẹ̀ níwájú lókè, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìborùn bo ẹnu rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín bá dé. Lẹ́yìn náà, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

A ṣe eyín àtọwọ́dá fún un. Ó ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bíi bàtà tó tóbi jù lẹ́sẹ̀ ọmọdé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, ó fẹ́ ṣàmín sí àdúrà, eyín náà jáde, ó bọ́ sínú àwo ọbẹ̀. Ojú tì í débi pé ó dìde kí wọ́n tó parí àdúrà. Nígbà tó délé, ó kó o sínú agolo mílíìkì, ó gbé e sórí àjà, kò sì mú un sọ̀ mọ́.

Kì í ṣe ẹwà ló ń dùn mí. Oúnjẹ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní eyín lẹ́nu, ẹ lè má mọ̀ pé oúnjẹ wa pín sí ọ̀nà méjì, èyí tí à ń gbé mì àti èyí tí à ń rún. Láfún, ẹ̀kọ, ògì, ẹ̀bà, gbígbé mì ni gbogbo wọn. Ẹran, ìgbín, ẹ̀pà, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, àgbọn, rírún ni. Ìyá mi bọ́ sí apá gbígbé mì, kò sì lè jáde níbẹ̀ mọ́. Láfún láàárọ̀, láfún lálẹ́, pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá tó ń fà. Bí wọ́n bá bu ẹran sí i fún un, á fi ọwọ́ kàn án bí ẹni ń kí i, á sì gbé e fún ọmọ-ọmọ tó bá sún mọ́ ọn jù lọ. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ wú díẹ̀, àwọn èèyàn ń kí i pé ó ń sanra. Ta ní ń sanra? Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bí ẹni tí kò lẹ́jẹ̀ lára, bó bá sì dìde, á kọ́kọ́ di ògiri mú kí òòyì tó ń kọ́ ọ lè lọ.

Mo ní kí n máa gún ẹran fún un.

“Ẹran gígún?” Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. “Ṣé ìwọ lo máa kọ́kọ́ bá mi jẹ ẹ́ kó tó dẹ́nu mi? Ọmọ ọwọ́ là ń rún oúnjẹ fún.”

“Màmá, odó ni mo máa fi gún un, kì í ṣe ẹnu mi.”

“Bí wọ́n gún iyán nínú ewé, tí wọ́n se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Fi mí sílẹ̀ jàre.”

Kò yó. Ẹnu rẹ̀ lásán ló fi ń yó.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló mú ọ̀rọ̀ dókítà eyín wá. Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ẹnubodè nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ló lọ́kọ sí, nítorí náà Màmá Àjàṣẹ́ ni gbogbo wa ń pè é. Ní àsìkò yẹn, kò sẹ́ni tó ka Àjàṣẹ́ sí òkè òkun. Ó sún mọ́ wa ju Èkó lọ. Èèyàn á wọ ọkọ̀ ní Ìlaròó, á sọ̀ ní Ìdí-Ìrókò, á fẹsẹ̀ rìn kọjá láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì gígùn, á gun ọ̀kadà àwọn ará ọ̀hún, oúnjẹ tó jẹ nílé kò sì ní í tíì dà nínú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìyá mi ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà ọmọge rẹ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Bí wọ́n bá bi í ní nǹkan kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

Dókítà náà jẹ́ ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó jẹ́ pé Faransé ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Màmá Àjàṣẹ́ ló ń túmọ̀. Ó tẹ ìdí eyín ìyá mi títí, ó wá ní bí eyín bá ti kúrò, eegun tó dì í mú náà á máa jẹ dànù díẹ̀díẹ̀, bíi ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí eyín àtọwọ́dá kò fi rí nǹkan jókòó lé. Ṣùgbọ́n ó ní wọ́n lè gbin eyín.

“Gbìn!” Ìyá mi yanu, ó gbàgbé láti bò ó. “Ṣé ó tún máa ń hù ni?”

Dókítà náà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa fi irin kékeré méjì, oníyìípo bíi nọ́ọ̀tì, sínú eegun àgbọ̀n rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Eegun máa di irin náà mú fúnra rẹ̀, bí igi ṣe máa ń gbé ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ ọn mì. Bó bá ti dì í mú gírígírí, òun á wá ṣe eyín tó ní ihò lábẹ́, tí wọ́n á tẹ̀ mọ́ orí irin méjèèjì. Kíá lèmi ti lóye. Bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ mọ́ra ni, irú èyí tí mò ń rán mọ́ aṣọ ọmọdé lójoojúmọ́.

Mo ní kí Màmá Àjàṣẹ́ bá mi bi í bóyá ìyá mi á lè jẹ ẹran.

“Ó ní gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa jẹ,” Màmá Àjàṣẹ́ túmọ̀. “Ó ní títí kan awọ.”

Mo rí ojú ìyá mi nígbà tó gbọ́ awọ. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú àlejò.

Ó gba irin náà láìké. Orí wọn yọ díẹ̀ jáde nínú ẹran ìdí eyín, wọ́n ń dán bí a bá tanná sí i. Dókítà kìlọ̀ pé nǹkan líle kankan kò gbọ́dọ̀ kàn wọ́n títí tóun á fi gbé eyín lé e. Ó tún kìlọ̀ nípa oúnjẹ. Ó ní eegun tó máa di irin mú, oúnjẹ ló ń kọ́ ọ, láfún nìkan kò sì lè kọ́ nǹkan kan. Kó máa jẹ ẹyin, ẹ̀wà, ẹja tí wọ́n ti yọ egungun rẹ̀, ẹ̀fọ́ tó jinná dáadáa. Kó wá padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ẹ wo ìyá mi tí kò gbà fún mi! Ó gbà fún dókítà. Ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín, ó ń jẹ ẹyin, ó ní kí n wá gún ẹja gbígbẹ fóun. Nítorí pé eyín ń bọ̀, kò rí i bí ìtìjú mọ́. Bí mo bá pè é lórí fóònù, á máa ka ohun tó máa jẹ fún mi. Igẹ̀ ewúrẹ́ ló máa kọ́kọ́ jẹ, ó ní òun á rún eegun rẹ̀ kúnná. Ẹ̀pà ló kàn. Lẹ́yìn náà, ó fẹ́ lọ sídìí àpò àgbàdo ẹnìkan tó ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jà, kó lọ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìsàlẹ̀.

Ó ku díẹ̀ ká padà lọ ni wọ́n ti ẹnubodè. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì ni, nítorí epo, nítorí ìbọn. Wọn ò dárúkọ eyín. Mo rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni yóò jẹ́, nítorí mo mọ bí ìjọba wa ṣe máa ń pariwo kó tó rẹ̀ wọ́n. Ìyá mi alára fi ṣe ẹ̀rín lórí fóònù.

“Wọ́n ti kí ni?” ó ní. “Ṣé ilẹ̀kùn ló ní ni?”

Kò rẹ̀ wọ́n o. Oṣù tó yẹ ká lọ kọjá, òmíràn tẹ̀lé e. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí wọ́n má gbé epo bẹntiróò lọ sí àwọn ìlú tó wà létí ẹnubodè mọ́, ni àwọn ará Ìpókíá àti ìlú tó yí i ká bá ń lé epo bọ̀ lọ́dọ̀ tiwa pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Epo wọ́n, ó tún wọ́n sí i. Ẹ máa rò pé kí ló kan ẹnu ìyá mi nínú ìyẹn. Ẹ̀rọ ìlọta ló kàn án. Obìnrin tó ń lọ ẹ̀wà ní àdúgbò rẹ̀ kò rí epo dà sí ẹ̀rọ mọ́, ọjọ́ kan ló ń ṣí nínú ọ̀sẹ̀, bó bá tiẹ̀ ṣí. Ẹni tó ní eyín lè se ẹ̀wà kó fi jẹ gààrí. Ìyá mi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n lọ̀ ọ́. Owó ẹyin adìyẹ náà fò sókè, ẹja dídì tó ń ti ọ̀hún wọlé dàwátì. Láfún nìkan ni kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sì padà sídìí láfún.

Ẹ̀ẹ̀kan la gbìyànjú àtikọjá ní Ìdí-Ìrókò. Mo wọṣọ, òun náà wọ léèsì rẹ̀ tó dáa, torí ó gbà pé bí wọ́n bá rí i pé àgbàlagbà tó mọ̀wàá hù lòun, wọ́n á yọ̀ǹda. Wọ́n dá wa dúró lójú ọ̀nà léraléra títí tí n kò fi lè ka iye ìgbà náà mọ́. Nígbà tá a dé ibi tó kẹ́yìn, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó gbé ìbọn kọ́ apá, bi wá níbi tí à ń lọ.

“Eyín ni mo fẹ́ lọ gbà, ọmọ mi,” ìyá mi dá a lóhùn.

“Màmá, eyín wo ni ti ẹ̀yin?” Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Àwọn onífàyàwọ́ ti wá ń fi eyín bojú báyìí?”

Ohun tí ìyá mi ṣe nìyí, mo ṣì ń rí i. Obìnrin tó ń fi ìborùn bo ẹnu lójú àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ fọwọ́ fa ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ níbẹ̀, nínú oòrùn, lójú gbogbo ọlọ́kọ̀ àti gbogbo ẹni tó ń kọjá, kó lè fi irin inú ẹnu rẹ̀ hàn án. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n àṣẹ ni. Ẹ máa padà sílé.”

Mo sọ̀rọ̀ sí i. Mo sọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n sọ sí ẹni tó gbé ìbọn. Ìyá mi ló fà mí láṣọ. Nínú ọkọ̀ tá a wọ̀ padà, kò mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu títí a fi dé Ìlaròó, kò sì gbà kí a tún gbìyànjú irú ẹ̀ mọ́. Àwọn ọlọ́kadà ní àwọn mọ ọ̀nà inú igbó. Ó ní òun kò ní í fi ẹnu òun han ẹnìkan nínú igbó.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín kan ní Abẹ́òkúta. Ọmọbìnrin ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ní sùúrù. Ó ní eegun ti di irin náà mú dé àyè kan, ó yẹ kí wọ́n gbé eyín lé e kíákíá. Mo ní kó bá wa gbé e lé e. Ó mi orí. Ó ní ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe irin yìí ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, èyí tó wà lẹ́nu ìyá mi kì í ṣe irú tiwọn, kò sì sí nǹkan tó lè bá a mu lọ́wọ́ òun. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n rán ìdajì bọ́tìnnì kan mọ́ aṣọ, tí obìnrin tó ni ìdajì kejì rẹ̀ wà lẹ́yìn odi. Ó ní bí òun bá máa ṣe é, àfi kóun yọ wọ́n kóun bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, eegun tó kù kò sì pọ̀ tó ohun tí wọ́n ń fi dán nǹkan wò. Ó gbà wá nímọ̀ràn pé ká ní sùúrù, wọ́n máa ṣí ẹnubodè láìpẹ́. Gbogbo ẹni tó gbà wá nímọ̀ràn lọ́dún náà ló sọ láìpẹ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ọjà àgbàdo kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ìyá mi ń fi ọwọ́ ra ọjà, ó ń fọwọ́ ra hóró láàárín ìka, ó ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ọwọ́ kì í ṣe eyín. Ó ra àpò lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan láti Ìmáṣàyí, ó gbẹ lókè, ó tutù nísàlẹ̀, kí ó sì tó dé ọ̀dọ̀ àwọn olóúnjẹ adìyẹ, ó ti bu. Wọ́n dá a padà. Ọ̀rọ̀ tàn ká ọjà pé eyín alágbàdo ti kú. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bẹ̀rù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń gbé àgbàdo tútù wá fún un tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ọjọ́ ọjà kan ni mo yọ sí i láìròtẹ́lẹ̀. Mo bá a níwájú àpò, àwọn àgbẹ̀ dúró yí i ká. Ó ki ọwọ́ bọ inú àpò, ó mú hóró kan jáde, ó gbé e lé orí irin lápá ọ̀tún, ó fi eyín òkè tẹ̀ ẹ́. Ó dún kọ́. Àwọn àgbẹ̀ wo ara wọn. Ìyá mi rẹ́rìn-ín láìbo ẹnu, irin náà ń dán nínú ẹnu rẹ̀.

Mo pariwo. “Màmá! Dókítà ní nǹkan líle ò gbọ́dọ̀ kàn án!”

“Dókítà wo? Èyí tó wà lẹ́yìn ìbọn?” Ó tu hóró náà dànù. “Irin yìí le ju eyín tí Ọlọ́run fún mi lọ. Wọn ò jẹ́ kí n fi jẹun, jẹ́ kí n fi ṣiṣẹ́.”

“Ó máa yẹ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Títí dìgbà wo ni kí n máa tọ́jú ẹ̀? Títí dìgbà wo?”

Inú bí mi sí i, inú sì bí mi sí ara mi pé inú ń bí mi sí i, mo bá a palẹ̀ àpò mọ́, mo padà sí Ìlaròó. Mo mọ̀ dájú pé kò sí ẹlòmíràn láyé tí wọ́n máa gbin irin sí lẹ́nu tó máa fi fọ́ àgbàdo. Àfi alágbàdo Ayétòrò. Ohun tó kọ́ láti kékeré nìyẹn, pé bí nǹkan líle bá wà lẹ́nu rẹ, iṣẹ́ ni wọ́n fi rán an.

Kò pẹ́ tí ìdí irin ọ̀tún fi wú. Ó fi pamọ́ fún mi. Òórùn ẹnu rẹ̀ ló tú u fó, nígbà tó gbá mi mọ́ra. A ra oògùn, ó lọ sílẹ̀, ó tún wú. Láfún pàápàá ń dùn ún lẹ́nu, ó wá di ògì lásán, ògì olómi tí èèyàn lè rí ìsàlẹ̀ ife nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ wọnú. Aṣọ tí mo rán fún un ní ọdún méjì ṣáájú ń yọ̀ wálẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Mo gbà á, mo dín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kù, mo tún gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Èmi tí mò ń fi ìwọ̀n téèpù jẹun mọ ohun tí ìwọ̀n téèpù ń sọ fún mi, n kò sì fẹ́ gbọ́. Aládùúgbò kan pè mí sẹ́yìn ilé pé àìsàn ṣúgà ni, kí n máa wá nǹkan ṣe sí i. Mo dá a lóhùn pé ìjọba ló ń ṣe ìyá mi, bó bá mọ oògùn rẹ̀ kó lọ gbé e wá. Kò kí mi mọ́ títí dòní.

Nígbà tí wọ́n wá ṣí ẹnubodè Sèmè, Ìdí-Ìrókò tiwa ṣì wà ní títì. A gba Èkó lọ, a gba Àgbádárìgì, ọ̀nà tí kò kàn wá rárá, ìyá mi sùn lé èjìká mi, kò sì wúwo. Lójú ọ̀nà ló jí, ó bi mí bóyá dókítà ṣì máa rántí òun. Mo ní á rántí. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé.

Ó rántí rẹ̀. Ó dìde kí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Eyín náà wà níbẹ̀, nínú ike kékeré kan, ó ti ṣe é parí láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì gbé e lé orí tábìlì kí ìyá mi lè rí i. Eyín tó dáa ni. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka rẹ̀ kan irin ọ̀tún. Irin náà mì.

Ó sọ nǹkan kan ní Faransé. Màmá Àjàṣẹ́ kò túmọ̀ rẹ̀.

“Kí ló wí?” ìyá mi béèrè.

“Ó ní kẹ́ ẹ túbọ̀ yanu, ẹ̀gbọ́n mi.”

N kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Dókítà náà di irin ọ̀tún mú, ó yí i díẹ̀, ó jáde sí i lọ́wọ́ láìjà. Ti òsì ló dúró díẹ̀, òun náà sì tẹ̀lé e. Ìyá mi fọ ẹnu, ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó bi í bóyá ó máa gbin òmíràn. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ó rọra ń sọ̀rọ̀, Màmá Àjàṣẹ́ ń túmọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Eegun tó kù ti fẹ́lẹ́ bí èèpo ẹyin. Ara tó ti pẹ́ tí kò jẹun kò ní ohun tó máa fi kọ́ òmíràn. Bí wọ́n bá tún gbẹ́ ibẹ̀, àgbọ̀n alára lè ṣẹ́. Láìsí irin, eyín inú ike yẹn kò ní ohun tó máa dì mú, bíi ti àkọ́kọ́ náà ló ṣe máa máa yọ̀. Kí Màmá Àjàṣẹ́ tó dé ìdí ọ̀rọ̀, ìyá mi ti gbọ́ ọ.

“Mẹ̀sí,” ó ní fún dókítà. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn ni Faransé kan ṣoṣo tó mọ̀. Ó dìde, ó gbá aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

Òórùn ọbẹ̀ ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà ilé Màmá Àjàṣẹ́. Ó ti pa ẹtù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti dín in, ó ti fi ata yí i, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè fi ṣí eyín tuntun. Ó sáré wọ ilé ìdáná lọ, ó fẹ́ gbé e pamọ́. Ìyá mi ní kó gbé e jáde. Ó gbé e jáde, ó ń sunkún, ó ní òun á gún díẹ̀ nínú rẹ̀ fún un báyìí báyìí, kò ní í pẹ́.

“Má gún nǹkan kan,” ìyá mi wí. Ó mú itan kan nínú àwo náà, ó nà án sí mi. “Jẹ ẹ́.”

“Ebi ò pa mí, Màmá.”

“Mo ní kó o jẹ ẹ́. Wá jókòó síwájú mi níbí.”

Mo jókòó. Mo gé e jẹ. Mo fẹ́ yára gbé e mì, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, kí n rún un. Ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu mi. Bí ẹnu mi ṣe ń lọ ni àgbọ̀n tirẹ̀ ń bá a lọ, lókè, nísàlẹ̀, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀.

“Ṣé ó dùn?”

“Kò dùn, Màmá.”

“Irọ́ lò ń pa. Jẹ eegun rẹ̀.”

Mo jẹ eegun náà. Ìyá mi gbé itọ́ mì.